Patola: aṣọ tí wọ́n ti rẹ kó tó di aṣọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tá a ti mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àdìrẹ oníko, aṣọ funfun ló máa kọ́kọ́ wá, á fi ìko dì í níbí, á so ó lọ́hùn-ún, kó tó wá rì í sínú aró. Aṣọ ti wà nílẹ̀ kí aró tó dé. Àmọ́ nílùú kan tó ń jẹ́ Patan, ní ìpínlẹ̀ Gujarat lápá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, òwú ni wọ́n ń dì, òwú náà ni wọ́n ń rẹ, ìgbà tí gbogbo àwọ̀ bá ti jókòó sára òwú tán ni wọ́n tó gbé e lọ sórí òfì. Ẹ ro ìyẹn wò ná. Àwòrán erin tẹ́ ẹ máa rí lára aṣọ yẹn, ó ti wà lára òwú tipẹ́tipẹ́ kí aṣọ tó wà rárá.

Ikat ni gbogbo ayé ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èdè Malay ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju kéèyàn so nǹkan tàbí kó dì í lọ. Sárì, ìyẹn aṣọ gígùn táwọn obìnrin Íńdíà máa ń ró mọ́ra, èyí tí wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí hun ní Patan ló ń jẹ́ patola. Ẹyọ kan ẹ̀, patolu ni àwọn tó ń sọ Gujarati ń pè é, àmọ́ lọ́jà kò sẹ́ni tó ń da ara ẹ̀ láàmú síyẹn.

Ibi tó wá le gan-an nìyí. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá hun, oríṣi òwú méjì ló ń pàdé níbẹ̀: èyí tí wọ́n ta gbọọrọ lóòró, àti èyí tó ń gba ìbú kọjá láàárín ẹ̀. Ikat tó pọ̀ jù, ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n ń dì, ìkejì á jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, tí ọwọ́ bá ṣì díẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn ti Patan, méjèèjì ni wọ́n ń dì. Ìyẹn ni pé tí òwú pupa òró bá pàdé òwú pupa ìbú, pupa gidi lẹ máa rí, àmọ́ tó bá lọ jẹ́ funfun ló pàdé, àwọ̀ ti dàrú nìyẹn, àwòrán ti bà jẹ́. Torí náà ẹni tó ń di òwú ti gbọ́dọ̀ ka gbogbo ẹ̀ mọ́rí, kó mọ̀ pé ibi báyìí lára òwú báyìí ló máa di ojú odídẹrẹ́, ibi báyìí á di ìrù ẹ̀, kò sì tíì sí aṣọ kankan níwájú ẹ̀ o, òwú lásán ló nà sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á na òwú sílíìkì, wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á fi òwú kọ́tìn-ìn di ibi tí wọn ò fẹ́ kí aró kàn ní gírígírí, wọ́n á rì í, wọ́n á tú u, wọ́n á tún di ibòmíì, wọ́n á tún rì í. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú dídì tiẹ̀. Ibi tó bá ti ní yẹ́lò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá rì í sínú ẹ̀lú, gíríìnì ló máa dà. Ewé, èèpo àti gbòǹgbò ni wọ́n ti ń fa àwọ̀ yọ láyé àtijọ́, wọ́n ṣì ń lo ẹ̀lú, ata ilẹ̀ pupa àti èèpo èso kan tó ń jẹ́ pomegranate dòní, pupa kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ara kòkòrò ni wọ́n ti ń rí i.

Tó bá wá dórí òfì, èèyàn méjì ló máa jókòó tì í. Òfì yẹn ò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ní igi kan tó rí bí idà, vi lorúkọ ẹ̀, tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra. Tí wọ́n bá ti hun díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ máa tún òwú tò lẹ́yọ lẹ́yọ kí àwọ̀ lè bá ara wọn mu. Nǹkan bí íǹṣì 8 tàbí 9 ni wọ́n ń hun lóòjọ́, sárì sì tó mítà 5 àtààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ti dídì àti rírẹ mọ́ ọn, oṣù 6 sí ọdún kan. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹyọ kan bá ju 100,000 rúpì lọ.

Ìdílé Salvi ló ni iṣẹ́ yìí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé láàárín ọdún 1100 sí 1200, Kumarapala tó jẹ́ ọba ní Patan máa ń wọ patola tuntun lọ sí tẹ́ńpìlì lójoojúmọ́, àfi bó ṣe gbọ́ pé ọba ìlú tó ń tà á fún un ti kọ́kọ́ ń tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó fi ránṣẹ́ (ẹ gbà mí!), ló bá kó 700 ìdílé ahunṣọ wá sí Patan kí wọ́n máa hun tiẹ̀ níwájú ẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá wọ́n bu iyọ̀ sí i, àmọ́ ìdílé tó ṣì ń ṣe é ní Patan lónìí ò pọ̀ mọ́ rárá.

Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n pè ní patola, ẹ yí i padà. Ojúlówó ò ní ẹ̀yìn, torí inú òwú ni àwọ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà ni. Èyí tí wọ́n tẹ àwòrán lé, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń ṣá bí ankara olówó pọ́ọ́kú. Ẹ tún wo etí àwòrán náà dáadáa, ó máa ń ṣe bàìbàì díẹ̀ bíi pé omi kàn án, torí òwú máa ń yẹ̀ díẹ̀, bó ti wù kí wọ́n tò ó tó. Àwọn kan rò pé àléébù nìyẹn, èmi ò gbà, tó bá mú ṣáká bí ìwé ìròyìn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ìlú Rajkot náà ń ṣe patola tiẹ̀, òwú ìbú nìkan ni wọ́n sábà máa ń dì níbẹ̀, owó ẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Patan, kì í ṣe ayédèrú, iṣẹ́ ẹ̀ ló yàtọ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá òwú ìbú nìkan ni wọ́n dì, àbí tòró-tìbú.