Kí ló ń mú kí àlàfo àárín olówó àti mẹ̀kúnnù máa fẹ̀ sí i?

Ẹ máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé àìdọ́gba owó tó ń wọlé fáwọn èèyàn ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wa sì máa ń rò pé òṣì ni wọ́n ń sọ. Ọ̀tọ̀ ni òṣì, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò lè máa jẹun yó kí ẹnì kan láàárín wọn ṣì máa gba ìlọ́po igba ohun táwọn yòókù ń gbà, àlàfo yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá l'Óṣogbo níbí pé kí ló fà á, mẹ́jọ á ní àwọn olóṣèlú ló ń jalè. Mi ò ní wọ́n parọ́ o. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀, àlàfo yẹn á ṣì máa fẹ̀, torí ibi tówó kálukú ti ń wá yàtọ̀ síra, owó yẹn ò sì jọ ń sáré bákan náà.

Ẹ mú òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù ní sẹkitéríàtì Abéré. Lọ́dún 2011, ₦18,000 ni òfin sọ, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦155 nígbà yẹn, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní dọ́là 115. 2019 wọ́n sọ ọ́ di ₦30,000, dọ́là ti di bíi ₦360, ó kù bíi dọ́là 83. Nígbà tó fi máa di oṣù keje 2024 tí wọ́n gbé e dé ₦70,000, dọ́là ti kọjá ₦1,500, owó oṣù yẹn ò wá tó dọ́là 47 mọ́. Náírà ń pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó lè rà ń dín kù. Ẹ wá wo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ní Ọláìyá. Ìyẹn ò dúró de aṣòfin kankan, bí sìmẹ́ńtì bá ti gbówó lórí báyìí, táwọn ayálégbé bá tún fẹ́ sanwó, iye tuntun ni wọ́n máa bá, ilé náà fúnra ẹ̀ sì ti gbówó lórí láìjẹ́ pé ó fi búlọ́ọ̀kù kan kún un. Owó oṣù ń dúró de òfin fún ọ̀pọ̀ ọdún (ọdún márùn-ún márùn-ún ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dín in kù sí mẹ́ta báyìí ṣá), ohun ìní kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, èyí ló lágbára jù nínú gbogbo ẹ̀, àwọn tó kù kàn ń tì í lẹ́yìn ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dọ́là. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa dá iye ẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là ní báńkì, kó tó pé ọdún kan ó ti kọjá ₦1,400. Ọmọ tó jókòó sílé ní Ògo-Olúwa tó ń kọ kóòdù fún kọ́ńpìnì kan ní Kánádà, dọ́là tó ń gbà lóṣù ò yí padà rárá, ní náírà ó ti di ìlọ́po mẹ́ta, iṣẹ́ kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà.

Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ńkọ́? Kọ́sítíìkì sódà àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pò aró, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ló ń dá owó lé e. Wọ́n á yọ́ àbẹ́là, wọ́n á fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, wọ́n á wá fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là yẹn kúrò, ẹ̀yìn á ti máa ro wọ́n. Kí wọ́n tó gbé e dọ́jà, àdìrẹ ẹ̀rọ láti Ṣáínà ti wà ńbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rọ àti ọjà àgbáyé tó gbé ọmọ kọ̀ǹpútà yẹn sókè náà ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Èlé náà ò gbẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ gbé èlé tó ń darí ti gbogbo báńkì dé 27.5%. Ẹni tó lówó á kó tiẹ̀ yá ìjọba, ìjọba á dá a padà fún un pẹ̀lú èlé, á sì sùn. Ìyá tó ń ta ata l'Ọ́jà Ọba, owó gbọ́mú-lé-lántà ló máa lọ yá, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá gbà á.

Simon Kuznets, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan n'Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 1955 pé tí ìlú bá ń kúrò nídìí oko bọ́ sí ilé iṣẹ́, àlàfo á kọ́kọ́ fẹ̀, tó bá yá á máa dín kù (òun fúnra ẹ̀ gbà pé àbá ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ òun). Àmọ́ àwa ò dé ibi tó ti ń dín kù yẹn. L'Óṣogbo a ní ilé iṣẹ́ irin, a ní Machine Tools tó ń ṣe ẹ̀rọ, owó oṣù ibẹ̀ làwọn bàbá kan fi kọ́lé tí wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ò padà sóko, ọ̀kadà ni wọ́n gùn, ìdí POS ni wọ́n jókòó sí. Iṣẹ́ tó wà láàárín olówó àti mẹ̀kúnnù ló pòórá.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń wọn àlàfo yìí? Corrado Gini, ará Ítálì, ló gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1912: tó bá jẹ́ 0, iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbà, tó bá jẹ́ 1, ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹ̀. South Africa wà ní bíi 0.63, Amẹ́ríkà lé ní 0.4, Nàìjíríà bíi 0.35 nínú ìṣirò 2018 sí 2019. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ohun táwọn èèyàn ń ná ni wọ́n kà ní tiwa, kì í ṣe ohun tó ń wọlé fún wọn, olówó kì í sì í ná gbogbo owó ẹ̀. Àti pé ẹni tó ní géètì méjì pẹ̀lú ajá, ṣé ẹ rò pé ó máa jókòó ti ọmọ tó gbé fọ́ọ̀mù ìwádìí wá, kó máa ka iye ẹyin tí wọ́n jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún un?