Fọ́sìlì ọgbà olú: iṣẹ́ ikán tó di òkúta

Gbogbo ẹni tó ń rìn lóko Kétu lásìkò òjò ló mọ olú ọ̀gán. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wa ìdí rẹ̀, igi rẹ̀ á máa gùn lọ sínú ilẹ̀ títí dé yàrá tí ikán ti ń tọ́jú rẹ̀. Yàrá yìí ni ọgbà olú.

Ikán á jẹ igi gbígbẹ àti ewé pọ̀ mọ́ kókó funfun ara ọgbà, nítorí inú kókó yẹn ni irúgbìn olú wà. Ìgbẹ́ wọn ni wọ́n fi ń mọ ọgbà tuntun, tó ní ihò bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Olú á ta okùn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, á tú ohun tó mú igi le, èyí tí inú ikán kò lè dà fúnra rẹ̀. Tó bá pẹ́, ikán á padà wá jẹ ibi tó ti rọ̀. Bí wọ́n bá fi ilé sílẹ̀, olú mìíràn tó ń jẹ́ Xylaria á bo ọgbà náà, ó parí nìyẹn.

Fọ́sìlì ni ohun alààyè, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó di òkúta. Olú fúnra rẹ̀ tètè ń jẹrà, ìdí nìyí tí fọ́sìlì rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Ọgbà rẹ̀ ló sàn díẹ̀. Ní Ṣáàdì, wọ́n rí èyí tó ti tó mílíọ̀nù ọdún 7. Ní 2016, wọ́n kéde ti àfonífojì Rukwa ní Tansaníà: mílíọ̀nù ọdún 25! Wọ́n gé òkúta náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá, wọ́n sì rí àwọn róbótó kékeré tí ikán mọ, bíi ti òní gẹ́lẹ́.

Inú igbó kìjikìji Áfíríkà ni olú àti ikán ti di alájọgbé. Nígbà tí ilẹ̀ ń gbẹ, tí ọ̀dàn ń gba ipò igbó, olú tó fẹ́ ọ̀rinrin ì bá má lè tẹ̀ lé ikán débẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òkìtì, ọ̀rinrin kì í tán, ooru kì í sì í yí padà púpọ̀. Lójú tèmi, igbó kékeré ni ikán ń kọ́ fún un.

Ẹ má wá fọ́sìlì ọgbà olú lórí àwọn òkè Ṣábẹ̀. Akọ òkúta ni wọ́n, ohun yíyọ́ tó tutù ni wọ́n ti wá. Inú iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó dì ni fọ́sìlì máa ń wà. Yangí náà ní ihò, ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo ògiri ihò náà bóyá róbótó wẹ́wẹ́ ló so pọ̀ dì í. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, torí ipele ilẹ̀ tó wà ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.