Kí Dangote Tó Dé Lẹ́kkí: Ibi tí Iṣẹ́ Epo Rọ̀bì ti Ṣẹ̀ Wá

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ìfọpo àti kẹ́míkà tí Aliko Dangote kọ́ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ọdún 2013 tí ó kéde rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ sí i á padà sẹ́yìn dé Olóìbírí, lọ́dún 1956. N kò bá wọn jiyàn: ibẹ̀ ni Shell-BP ti kọ́kọ́ rí epo tó pọ̀ tó láti tà. Àmọ́ ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti fo bí àádọ́ta ọdún, etí omi ilẹ̀ Yorùbá ló sì ni àádọ́ta ọdún náà.

Ẹ dé Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀dà, tí òyìnbó ń pè ní bitumen, ń sun jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀, ó dúdú, ó ki; oòrùn á mú un rọ̀, òru á sì mú un gan. Ilẹ̀ ọ̀dà yìí gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, láti apá Ògùn la Oǹdó kọjá títí wọ Ẹdó. Èrò tèmi ni pé tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò ó. Ṣé àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, tí wọn kò lè ṣe kí wọ́n má wa ọkọ̀ ojú omi, á máa rí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ igi, tí omi kò lè ṣí, kí wọ́n má fi dí ihò ọkọ̀? Orí òpó nínú omi ni Ìlàjẹ ń kọ́lé sí. Kò níí yà mí lẹ́nu bí wọ́n bá ti fi pa ẹsẹ̀ òpó kí ìrà má bàa jẹ ẹ́. Wọ́n tiẹ̀ lè ti fi dáná. Ẹni tó bá ní àlá ni mo ń lá, kó sọ ohun mìíràn tí àgbẹ́kọ̀ tó ń gbé lórí ọ̀dà á fi í ṣe.

Ọ̀dọ̀ John Simon Bergheim ni ìtàn náà ti wọnú ìwé. Kì í ṣe òpè nídìí epo. Òun àti McGarvey, ará Kánádà, ti jọ wa epo ní Galicia ní Yúróòpù. Walter Egerton ni gómìnà Gúúsù Nàìjíríà nígbà náà, ìjọba rẹ̀ sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Bergheim débi pé òfin wíwa epo jáde lọ́dún 1907, wọ́n sì tún yá ilé iṣẹ́ rẹ̀, Nigerian Bitumen Corporation, lówó. Agbègbè Araromi ló ti ń gbẹ́ kànga, níbi tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́ Ọ̀sà Lẹ́kkí. Bí ìgbín ni iṣẹ́ náà ń rìn: igbó dí, ẹrẹ̀ pọ̀, omi sì ń ya wọnú kànga. Lọ́dún 1912, jàǹbá ọkọ̀ pa Bergheim. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914, iṣẹ́ dúró. Ká ní ogun yẹn kò jà ni, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé Òkìtìpupa ni ilé ìfọpo àkọ́kọ́ ìbá wà, ọmọ Ìkálẹ̀ ni ì bá sì máa kọ́ àwọn yòókù níṣẹ́. Ọdún 1937 ni Shell D'Arcy, ilé iṣẹ́ tó padà di Shell-BP, tó yọjú.

Ìyókù kò ṣòro. Ilé ìfọpo Alesa-Eleme bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965, Warri lọ́dún 1978, Kàdúná lọ́dún 1980. Àwọn ará Eleme á ní àwọn ló bí kẹ́míkà epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ gidi ni tiwọn, èyí tí Indorama rà lọ́dún 2006, ṣùgbọ́n àbúrò iṣẹ́ Araromi ni.

Ọlọ́kọ́lá, ní ààlà Ògùn àti Oǹdó, ni Dangote kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ tirẹ̀ sí. Ó dùn mí pé kò dúró síbẹ̀; Lẹ́kkí ló gbé e lọ, sórí ilẹ̀ 2,635 hẹ́kítà. Ìrà ni ibẹ̀, yanrìn tó tó mílíọ̀nù 65 kúbíìkì mítà ni wọ́n sì fà láti inú òkun kún un kí irin tó lè dúró. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ṣí lọ́dún 2022, ti ìfọpo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Dísù jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024, bẹntiróòlù ní oṣù kẹsàn-án.

Ilé gogoro kan péré ló ń gba gbogbo àgbá epo rọ̀bì 650,000 tó lè wọlé lójúmọ́. Ọ̀pá abẹ́ òkun ni epo ń gbà wá. Wọ́n á gbé e kaná, ohun tó fúyẹ́ á gòkè, èyí tó wúwo á kù sísàlẹ̀. Ọmọ ìyá ọ̀dà Agbabu ni èyí tó wúwo yẹn, ara rẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà: ẹ̀rọ mìíràn á fi ooru ńlá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, bẹntiróòlù á tún jáde, gáàsì propylene náà á jáde. Gáàsì yìí ni wọ́n ń so pọ̀ di polypropylene, wóro funfun tí wọ́n fi ń ṣe àpò sìmẹ́ńtì, àga oníke, okùn àti ẹní. Wọ́n kọ́ apá yìí kó lè ṣe 830,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ọjà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 2025.

Epo ilẹ̀ wa nìkan kò tó ilé ìfọpo náà. Láti ọdún 2024 ló ti ń ra ti Amẹ́ríkà mọ́ ọn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Dangote kéde pé òun máa fẹ̀ ẹ́ dé àgbá mílíọ̀nù 1.4 lójúmọ́.