Ẹ Jẹ́ Ká Máa Pè É Ní Ètò Àgbàtà

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ Rush Limbaugh, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òṣèlú ìhà ọ̀tún tó jọba lórí rédíò Amẹ́ríkà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò ní pẹ́ kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ kan tí àwọn kan ń kọ ní “síńdíkéṣọ̀n”, ìyẹn ni pé kí ẹnì kan ṣe ètò rédíò, kí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò sì máa gbà á gbé sáfẹ́fẹ́. N kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe láǹfààní, nítorí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀.

Àwọn tó gbìyànjú láti fi Yorùbá pè é pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́ tó. Àwọn kan ní “ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ alájùmọ̀ṣe”, àfi bíi pé ńṣe ni àwọn iléeṣẹ́ rédíò péjọ tí wọ́n sì dáwó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe ètò náà, àwọn yòókù kàn gbà á ni. Àwọn mìíràn ní “ètò àsomọ́ra”, èyí tó bá ìgbà tí ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ mu, tí wọ́n á ní kí gbogbo iléeṣẹ́ so mọ́ra. Àṣẹ ló wà nídìí ìyẹn. Òwò ló wà nídìí èyí tí à ń sọ. Ètò àgbàtà ni èmi ń pè é. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: gbà, kí o sì tà. Iléeṣẹ́ rédíò gba ètò tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fi í pawó lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó ọjà ní ìlú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ta kò mí pé àbùkù ti wà lára “alágbàtà”, nítorí òun ni wọ́n ní ó ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òótọ́ ni pé wọ́n ń bú u, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ará Ìbàdàn ì bá máa rin ìrìn-àjò lọ sí oko kó tó jẹ iyán.

Ẹ wo oníbúrẹ́dì kan tó ń gbé búrẹ́dì fún àwọn tó ń kiri láràárọ̀, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń béèrè ni pé kí kálukú fi igun kan sílẹ̀ lórí àtẹ rẹ̀ fún ọṣẹ àti ìṣáná tí òun bá kó lé e, nítorí àwọn tó ni ọṣẹ àti ìṣáná ti sanwó fún òun, nígbà tí wọ́n rí i pé búrẹ́dì òun ń dé gbogbo ọjà. Àyè tó kù lórí àtẹ, ẹni tó ń kiri lè gbé bọ́tà àti ẹ̀wà àgánnyìn tirẹ̀ sí i, kó sì máa jẹ èrè rẹ̀. Bó bá wá di pé àwọn oníbàárà kò fẹ́ búrẹ́dì mìíràn mọ́, oníbúrẹ́dì lè máa gba owó lé igun yẹn.

Bí ti Limbaugh ṣe rí nìyẹn. Cape Girardeau ní ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n ti bí i ní 1951. Ó fi yunifásítì sílẹ̀ nítorí rédíò, rédíò náà sì lé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, títí ó fi lọ ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Kansas City Royals. Sacramento, ní ìpínlẹ̀ California, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wá walẹ̀ nídìí rédíò, láti 1984. Ní 1987, àjọ FCC, tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, fagi lé ìlànà tó ní kí iléeṣẹ́ tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn sáfẹ́fẹ́ fún èrò òdìkejì náà láàyè. Ní oṣù Kẹjọ 1988, Ed McLaughlin, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá rédíò ABC, gbé e lọ sí New York, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ 56. Ìṣẹ́jú ìpolówó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn dípò owó. Orin ti kó kúrò lórí ìgbì rédíò AM lọ sórí FM nígbà náà, àwọn iléeṣẹ́ AM sì ń wá ohun tí wọn yóò fi dí wákàtí ọ̀sán. Ta ni yóò kọ búrẹ́dì ọ̀fẹ́? Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba ètò náà di ohun tó lé ní 600, àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí Limbaugh ṣe ní 2008 sì tó nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó bú akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan lórí afẹ́fẹ́ ní 2012, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọṣẹ kó ọṣẹ wọn kúrò lórí àtẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ yìí pe iṣẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni tiwa tó ń fi owó ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò. Ìsọ̀ ni àwọn yẹn yá, àwọn fúnra wọn ló sì ń pàtẹ.

Limbaugh kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2021. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ alágbàtà ní wákàtí rẹ̀ àtijọ́, títí di oṣù Kẹfà ọdún náà, nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ méjì, Clay Travis àti Buck Sexton, gba àyè náà.