Kò Sí Àjẹ́ Lórí Òkè Yẹn, Bátìrì Yín Ló Ti Gbó

Lóṣù tó kọjá, ìyá tíṣà kan ti alùpùpù oníbátìrì wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó. Tòkúnbọ̀ ni, wọn ò tíì lò ó pé oṣù kan. Owó ọ̀kadà láti ilé dé iléèwé ló sú wọn tí wọ́n fi rà á. Ẹjọ́ tí wọ́n rò fún mi ni pé ojú kan náà, ní ìdajì òkè, ló máa ń kú sí lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá dúró díẹ̀, á tún jí. Wọ́n ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti da òróró sójú ibẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ládùúgbò ló di ọ̀nà mọ́ àwọn.

Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n gùn ún wò ná."

Mo so mítà mọ́ ẹnu bátìrì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ alùpùpù kí ojú mi lè máa tó o. Ní ìdúró, fólítì 52. Lójú títẹ́jú, 50. Bí mo ṣe kọrí sókè báyìí, 47, 44, 41, bó ṣe kan 39, ó kú fin-ín. Kí n tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, mítà ti padà sí 51. Ọ̀tá tí ìyá ń bá jà, abẹ́ ìjókòó wọn ló wà.

Bátìrì tó ti gbó, tó bá wà ní ìsinmi, ara rẹ̀ á dá ṣáká. Iṣẹ́ ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bó ṣe ń gbó ni ìdènà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tí ẹ bá wá fẹ́ gun òkè, tí mọ́tò fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fólítì á já wálẹ̀, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì á sì pa iná náà kí bátìrì má baà bàjẹ́ pátápátá. Ẹni tó tà á fún ìyá fi iná dáṣíbọ́ọ̀dù hàn wọ́n pé ó kún, ó ní kí wọ́n gùn ún lọ gùn ún bọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń gbé orí sìmẹ́ǹtì ní Èkìtì? Òkìtì ló wà nínú orúkọ wa! Ẹ gùn ún lọ sórí òkè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gbé ẹni tó ń tà á sẹ́yìn. Tó bá kọ̀, ẹ ká owó yín sápò.

Bíréèkì, táyà, ìwé ẹ̀rí, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. N kò ní máa kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ táyà.

Bátìrì ni kí ẹ bá mi jókòó tì. Bátìrì lithium onífólítì 48 tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tòkúnbọ̀ wọ̀nyí, ìlà bátìrì kéékèèké 13 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń kún ní 4.2, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 13, 54.6 ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣájì rẹ̀ kún, kí wọ́n sì wọn ìlà kọ̀ọ̀kan lójú yín. Tí méjìlá bá wà ní 4.1, tí ọ̀kan ṣoṣo wà ní 3.5, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀kan yẹn ló máa fa àwọn yòókù ṣubú. Mo ti rí ẹni tó fi iyọ̀ sínú omi bátìrì. Mo ti rí ẹni tó sọ pé bátìrì tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ á fa iná inú rẹ̀ mu. Wọ́n sì ń gbowó lórí ẹ̀!

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ rewáyà kí ọ̀gá mi tó ṣe fíríìdọ̀mù fún mi. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ti ní sukurudiráfà, tó wo fídíò méjì lórí YouTube, ọ̀gá ni.

Irú wọn ni ọmọkùnrin kan gbé alùpùpù tirẹ̀ lọ bá. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ ọ, tí à ń pè ní BMS, ló sì ń pa á. Ọ̀gá náà ní pátákó yẹn ló ń dí iná lọ́wọ́, ó gé e kúrò, ó so wáyà pọ̀. Ṣájà ọmọ náà ti sọnù, ó wá fún un ní ti bátìrì olójé kan. Wọ́n jọ kọ 48 sára, àbí? Bẹ́ẹ̀ ṣájà olójé oní-48 lè gbé iná dé 58 tàbí 59. 54.6 ni lithium yẹn yẹ kó dúró. Ẹni tó yẹ kó sọ pé ó tó ni wọ́n ti gé kúrò.

Inú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ló ti ń ṣájì rẹ̀ lóru. Àwọn ará ilé ní ó kọ́kọ́ dún bíi gúgúrú nínú ìkòkò, kí èéfín tó gba pálọ̀ kan. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti fa ọmọ náà jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti jó. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí bátìrì náà, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó tún gbiná lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló gbé ṣájà wá fún mi. Iná ò kàn án rárá, ó ń dán bí tuntun. Mo so ó kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lókè tábìlì ibi tí mo ti ń jó wáyà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan wọlé, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Ọ̀gá, èló lẹ fẹ́ ta ṣájà yẹn?"