Ibi Tí Kíkọ́ Idán Láti Inú Ìwé Ti Ṣẹ̀

Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ, gbé owó fàdákà kan lé e, kí o sì fi orí ìka gígùn ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Máa sọ̀rọ̀. Lójijì, yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò lábẹ́ ìka náà, ká a díẹ̀ kí owó má bàa jábọ́, kí o sì fà á gba inú ọwọ́ òsì kọjá bí ẹni tó fi owó sílẹ̀ síbẹ̀. Pa ọwọ́ òsì dé lásìkò. Bí o bá fẹ́ kó dá wọn lójú pé owó wà níbẹ̀, mú ọ̀bẹ kan, di ṣóńṣó rẹ̀ mú ṣinṣin nínú ọwọ́ òsì tó ṣófo, kí o wá fi ara ọ̀bẹ náà kan owó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Yóò dún. Gbogbo etí ni yóò gbà pé ọwọ́ òsì ni ìró náà ti wá. Ṣí ọwọ́ òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gba èyí. Kíká owó mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kò nira. Ohun tó nira ni kí ọwọ́ tó di owó mú má jọ ọwọ́ tó di nǹkan mú. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú mi tó ń fi hàn mí. Ìwé ni mo ṣí sórí tábìlì, ìlànà tó sì wà nínú rẹ̀ ti wà lórí bébà láti ọdún 1584, nígbà tí Reginald Scot gbé ìwé The Discoverie of Witchcraft jáde ní London, ìyẹn ìtúdìí ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àjẹ́. Gbogbo àwa tí a kọ́ idán láti inú ìwé, ọmọ ìwé yìí ni wá, bí a mọ̀ bí a ò mọ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń bọ̀ wá bá wọn.

Scot kì í ṣe apidán. Onílẹ̀ ni, ará Kent, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1538. Ẹjọ́ àjẹ́ ló mú un kọ̀wé. Òfin tí wọ́n ṣe ní England ní 1563 ti sọ iṣẹ́ àjẹ́ di ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ pa ènìyàn. Ní 1581, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Simons lọ sílé ẹjọ́ ní Rochester. Àlùfáà ìjọ wọn ló fẹ̀sùn kàn án. Ajá obìnrin náà gbó ọmọ àlùfáà, ọmọ yọ ọ̀bẹ sí ajá, obìnrin náà sì bá a wí. Nígbà tí ọmọ wá ṣàìsàn, wọ́n ní obìnrin náà ni. Àlùfáà tún fi kún un pé obìnrin náà ló ń fa ohùn òun tó máa ń há nígbàkígbà tí òun bá fẹ́ kàwé ketekete nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dá Margaret sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ní St Osyth ní Essex, wọ́n yẹgi fún obìnrin méjì.

Ohun tí Scot rí ni pé ẹ̀sùn báyìí kì bá tí wọ ẹnikẹ́ni létí bí kì í bá ṣe pé àwọn ènìyàn ti gbà pé ohunkóhun tí ojú rí tí òye kò gbé, ẹ̀mí àìmọ́ ló ṣe é. Ó bá wọn jiyàn pẹ̀lú Bíbélì, ó bá wọn jiyàn pẹ̀lú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, àmọ́ nígbà tó dé Ìwé Kẹtàlá nínú mẹ́rìndínlógún tó pín iṣẹ́ náà sí, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí lédè rẹ̀. Ó mú òǹkàwé lọ sẹ́yìn tábìlì apidán. Ó ní gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ọwọ́ tó yá lọ, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ló sì ń gbà: gbígbé bọ́ọ̀lù kéékèèké pamọ́, yíyí owó padà, àti pípo káàdì. Ó wá ń ṣàlàyé wọn níkọ̀ọ̀kan, ìka wo, ìgbà wo, ọ̀rọ̀ wo. Ó tọrọ àforíjì pẹ̀lú, ó ní ó dun òun pé òun ni ó bọ́ sí lọ́wọ́ láti tú àṣírí tí àwọn tálákà kan fi ń jẹun. Ó sì sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ tó yẹ ká yìn ni, níwọ̀n bí ẹni tó ń ṣe é bá ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ló ṣe é, tí kò sì fi orúkọ Ọlọ́run bọ irọ́ lórí.

Ta ló kọ́ Scot? Ó dárúkọ ọkùnrin kan, John Cautares, ọmọ bíbí ilẹ̀ Faransé tó ń gbé ní St Martin's ní London. Ó ní ọmọlúàbí ni, pé kì í fi idán jẹun, pé òógùn ojú rẹ̀ ló ń jẹ, síbẹ̀ òun kò rò pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wà láyé nígbà náà yá tó tirẹ̀. Scot kò kọ ọ́ pé ọkùnrin yìí jókòó ti òun. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó jókòó tì í. Ẹ tún àlàyé owó àti ọ̀bẹ yẹn kà. Ẹni tó kàn wòran láti ọ̀ọ́kán kò lè mọ̀ pé díẹ̀ péré ni kí a ká ọwọ́, tàbí pé àsìkò tí ọwọ́ òsì padé ló gbé gbogbo irọ́ náà ró. Ẹni tí wọ́n ti tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rí wọn lójú inú mi: bàbá onílẹ̀ láti Kent àti òṣìṣẹ́ Faransé, tábìlì kan láàárín wọn, owó fàdákà kan tó ń jábọ́ sílẹ̀ ṣáá.

Ohun tó tún kù, tí àwọn òǹkọ̀tàn máa ń fò kọjá, ni pé èyí kọ́ ni ìwé àkọ́kọ́ Scot. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 1574, ó ti kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń gbin hops, ìtànná kíkorò tí àwọn apọntí fi ń pọn bíà. Ìwé àkọ́kọ́ lórí ọ̀gbìn yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì kún fún àwòrán: bí a ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀, bí a ṣe ń ri òpó, bí a ṣe ń so ìtàkùn mọ́ ọn. Èyí ló mú mi gbà pé oko ni ìwé idán ti wá. Ẹni tó ti kọ́ àgbẹ̀ tí kò rí rí láti gbin nǹkan, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, pẹ̀lú àwòrán, òun nìkan ló ti mọ bí a ṣe ń fi bébà darí ọwọ́ ẹni tó wà lókèèrè. Kò dá ọ̀nà tuntun sílẹ̀ fún idán. Ọ̀nà tó fi kọ́ wọn ní ọ̀gbìn ló fi kọ́ wọn ní idán.

Àwòrán inú Ìwé Kẹtàlá fi èyí hàn. Irin ṣóńṣó kan wà níbẹ̀ tó ń sá wọ inú èèkù ara rẹ̀ bí a bá fi gún iwájú orí, àti ọ̀bẹ kan tí wọ́n gé àárín rẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé ó gba inú apá kọjá. Scot kò sì fi ewu pamọ́. Ó sọ̀rọ̀ apidán kan tó máa ń fi ikùn èké bo ikùn rẹ̀, pẹ̀lú awo irin lábẹ́ rẹ̀, tí á wá fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ níwájú èrò. Lọ́jọ́ kan ní ilé ọtí ní Cheapside ní London, ó ti mutí yó, ó gbàgbé awo náà. Ó rìn láti ibẹ̀ dé àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, ó sì kú.

Ó yá, àwọn alátakò. Àwọn kan ní Íjíbítì àtijọ́ ni, nítorí ìtàn Dedi wà lórí páápírọ́sì, ẹni tó gé orí pẹ́pẹ́yẹ tó sì tún un so. Ìtàn ìyanu nìyẹn, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn ní Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, tó fi ọwọ́ kọ àkójọ eré ìṣirò àti idán ní nǹkan bí ọdún 1500. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn kò tẹ̀ ẹ́ nígbà ayé rẹ̀, inú ilé ìkàwé ní Bologna ló wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ìwé tí a kò rí kà kò lè bí ọmọ. Àwọn Faransé ní tiwọn máa ń mú Jean Prévost wá, tó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní Lyon ní ọdún 1584 kan náà. Ìwé dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ ipasẹ̀ àwọn ìwé tó tẹ̀ lé wọn, ọ̀dọ̀ Scot ni ọ̀nà tó tẹ́jú jù lọ ń gbé yín lọ.

Seneca, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Róòmù, ti mẹ́nu ba àwọn onídán tó ń fi ife àti òkúta wẹ́wẹ́ ṣeré nínú lẹ́tà rẹ̀ kan. Ó ní ẹ̀tàn náà ló ń dùn mọ́ òun. Jẹ́ kí òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, adùn rẹ̀ ti tán. Mo bọ̀wọ̀ fún ọlọ́gbọ́n yìí, àmọ́ kò mọ irú ènìyàn tí èmi jẹ́. Àwa kan wà tí adùn náà kì í bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà ti ń sọ òtítọ́ tí Scot ń sọ. Legerdemain, tí Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ Faransé, kò ju ọwọ́ tó fúyẹ́ lọ. Ní ti hocus pocus, ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ yìí, Tillotson, tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní England, sọ ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ìyílóhùn ọ̀rọ̀ Látìnì inú ìsìn Kátólíìkì ni, hoc est corpus. Àbá lásán ni mo kà á sí. Thomas Ady, tó kọ̀wé ní àárín àwọn ọdún 1650 láti gbèjà àwọn tí wọ́n ń pè ní àjẹ́, ní àkókò Ọba James apidán kan wà tó sọ ara rẹ̀ ní Hocus Pocus, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ yìí ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo idán rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ló kọ́kọ́ jẹ́, lójú tèmi. Ní èdè tiwa ẹ̀wẹ̀, pípa ni à ń pa idán, bí a ṣe ń pa àlọ́, bí a ṣe ń pa òwe, tí a ń pìtàn, tí a sì ń parọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ló kó gbogbo wọn pọ̀. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe bá ìwé mu tó: ẹni tó ń pa owó fàdákà rẹ́ ń sọ ìtàn kan ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ahọ́n.

Ọba James yìí kan náà kò fẹ́ràn Scot. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1597 dárúkọ Scot láti ta kò ó. Àwọn apidán fẹ́ràn láti máa sọ pé nígbà tó gorí ìtẹ́ England ní 1603, ó ní kí wọ́n dáná sun ìwé náà. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà ayé rẹ̀ tó gbè é lẹ́sẹ̀. Bó ti wù kó rí, ìwé náà kò parun. Samuel Rid da púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ ní 1612, ó sì sọ ọ́ di ìwé tirẹ̀. Ní 1634 ni Hocus Pocus Junior wá jáde, tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i, ó sì jẹ́ ti idán látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ife àti bọ́ọ̀lù. Ó ka ohun mẹ́rin tí apidán gbọ́dọ̀ ní. Ó gbọ́dọ̀ láyà. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá, kó sì mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ àjèjì lẹ́nu. Ẹ̀kẹrin ló gbé gbogbo rẹ̀: kó máa fi ìṣesí ara rẹ̀ fa ojú òǹwòran kúrò níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Títí dòní, ẹ̀kọ́ kẹrin yẹn ló ń pẹ́ jù kó tó wọ ara ẹni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Blois ní ilẹ̀ Faransé lọ ra ìwé iṣẹ́ ago, ẹni tó ń tà á sì ṣèèṣì di ìwé eré sáyẹ́ǹsì àti idán fún un. Robert-Houdin, tó wá di apidán, ni, òun ló sì sọ ọ́ nínú ìtàn ayé tó kọ ní 1858. Ó ní òun fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin sókè lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí òun ń ka ìwé tó wà níwájú òun. Ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Ehrich Weiss, ka ìtàn ayé náà, ó fi lẹ́tà kan kún orúkọ òǹkọ̀wé, ó di Houdini. Ní 1876, lọ́yà kan ní London tó ń jẹ́ Angelo Lewis fi orúkọ Professor Hoffmann gbé Modern Magic jáde, lẹ́yìn tí apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọdékùnrin. Ní 1902 ni ẹni tó pe ara rẹ̀ ní S. W. Erdnase tẹ ìwé káàdì kan ní Chicago, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ tó lé ní 100, ìwé tí apidán Dai Vernon ti Ottawa kà títí tó fi wọ̀ ọ́ lára, tí àwọn tó ń pa idán lójúkojú, láìju ìwọ̀n apá kan sí ẹni tó ń wò, ṣì ń kà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí Erdnase jẹ́ dòní. Ẹ̀kọ́ Harlan Tarbell gba ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1926, ìwé owó ẹyọ ti J. B. Bobo jáde ní 1952, fídíò dé, íntánẹ́ẹ̀tì dé.

Mo máa ń wo fídíò náà. Ṣùgbọ́n fídíò ń fún mi ní ọwọ́ ẹlòmíràn, mo sì ń rí i nínú àwọn tó kọ́ ọ níbẹ̀, gbogbo wọn ń gbé ìka kékeré sókè bí ọ̀gá kan náà. Ìwé kò fi ọwọ́ kankan hàn mí ju àwòrán tó dúró sójú kan lọ, èmi ni mo ní láti wá ohun tó wà láàárín àwòrán kan sí èkejì. Irin ṣóńṣó tó ń sá wọ èèkù wà nínú àpótí mi, mo rà á pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ mìíràn láìmọ ibi tó ti wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ojú ewé Scot tí àwòrán rẹ̀ wà, mo gbé e jáde, mo fi lé orí bébà. Bákan náà ni wọ́n rí.