Ìdènà Ló Yẹ Kó Ṣubú, Kì Í Ṣe Ọmọ Yín

Láàárín oṣù yìí nìkan, ìyá mẹ́ta ló ti mú ọmọ wá bá èmi kóòṣì eré onídènà (hurdles) ní pápá Líbátì ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn (pápá Awólọ́wọ̀ ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é), pé ọmọ àwọn mọ̀ ọ́n fò. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí tirẹ̀ fo bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé kí n lè rí i. Ọmọ gbé orúnkún kan àyà, ó fò ó bí ẹni tó ń sá fún ejò. Ìyá pàtẹ́wọ́. Mo ní, “Ìyá, kí ẹni tó ga tó báyìí tó balẹ̀, àwọn yòókù á ti dé ìdènà kejì.”

Eré ni eré onídènà, kì í ṣe fífò. Nínú mítà 100 tàwọn obìnrin, ìdènà 10 ló wà níbẹ̀, mítà 8.5 ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìgbésẹ̀ 3 la fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá a ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 2022, tó di pé kò sí obìnrin tó yá tó o rí láyé. Orí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè. (Ó tún fi 12.06 gba wúrà lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ tó tì í lẹ́yìn ló pọ̀ jù tí wọn ò fi kà á.)

Bí a ṣe ń gbéra àti bí a ṣe ń mí, n ò ní sọ ìyẹn. Ẹsẹ̀ ìdènà ló ń dùn mí.

Irin méjì nà sílẹ̀, méjì dìde lórí wọn, pákó wà lókè. Àwọn irin tó nà sílẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí ẹsẹ̀ bá gbá pákó, ìdènà á dojú dé síwájú, eré á máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kó lè wó. Gbígbá a fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ wó o. Lọ́jọ́ tí èmi gba wúrà, mẹ́ta ni mo wó! Ṣùgbọ́n ẹ yí ẹsẹ̀ yẹn sí òdìkejì, ìdènà ti di ògiri nìyẹn.

Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ irin? Bàbá kan wà lọ́wọ́ Òjé tó ń fi eérú egungun ẹtu sín gbẹ́rẹ́ sórúnkún àwọn ọmọ, kí wọ́n lè yára. Ẹtu tó ni egungun yẹn ńkọ́? Ṣebí ọdẹ lé e bá.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ kan pè mí síbi ìdíje wọn. Gọ́sílóò Mọ́kọ́lá ò jẹ́ kí n tètè dé. Bí mo ṣe ń wọlé ni ìbọn dún. Ọmọbìnrin kan tí mo ti ń kọ́ látọdún kejì ló ṣáájú, àfi bó ṣe fi ojúgun gbá ìdènà kejì. Kò mì. Ọmọ gba orí rẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ gúnlẹ̀, a sì gbọ́ bí egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣe ró. Nígbà tí a fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, gbẹ́rẹ́ tútù wà lórúnkún méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ ké pé aráyé ló wà nídìí ẹ̀, òun ń padà lọ bá bàbá Òjé fún èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aráyé wo? Mo pe tíṣà tó to ìdènà, mo ní kó fi ọwọ́ kan tì í láti ibi tí àwọn ọmọ ti ń bọ̀. Ó tì í, tì í. Mo yí i padà, mo ní kó tún tì í. Ó wó lulẹ̀.

Ó ní, “Ẹ má bínú, Kóòṣì, mo rò pé bó ṣe rẹwà nìyẹn ni.”

Ìje àwọn ọkùnrin ló kàn, wọ́n ti dúró sórí ìlà. Èmi àti àwọn ọmọ ilé aláwọ̀ pupa la sáré yí ogún ìdènà padà kí wọ́n tó yìnbọn.